Títí Mítà Yóò Fi Dé Òdo

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo lérò pé ara rẹ ti ń le, pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ ti ń di ṣíbí mú láìgbọ̀n, àti pé Àǹtí tó o wà lọ́dọ̀ wọn kì í jẹ́ kó o fi oúnjẹ sílẹ̀. Àlàáfíà làwa náà wà. Màmá ń kí ọ, wọ́n sì ń bínú pé o kì í gbé fóònù.

Mo ti rí ìwé rẹ gbà. O ní kí n gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ fún ẹlòmíràn, pé láti ọjọ́ tí iná ti gbé ọ nínú páwà tẹlifíṣọ̀n yẹn, iṣẹ́ àtúnṣe ti sú ọ. O mọ̀ mí, n kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀. N kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé o ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri kó o tó fọwọ́ kàn án. Ìṣòwò lèmi kọ́ nílé ìwé, iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ni kí n gba iṣẹ́, kí n dá ọjọ́, kí n sì máa pariwo "Ẹ ṣe kíá!" Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbé àbúrò mi lulẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fa àga ti Bọ̀dá Onímítà, ọ̀gá rẹ. Wọ́n wò mí títí: "Ìyáàfin Kíákíá, ṣé kò sí nǹkan o?" Mo ní, "Ẹ kọ́ mi."

Èyí tó yé mi rèé. Bí mo bá ṣì í sọ, wá tún un ṣe. Iná ògiri ń lọ síwá sẹ́yìn, ó sì le ju agbára ẹ̀rọ lọ. Páwà á kọ́kọ́ sọ ọ́ di iná tó dorí kọ ibì kan ṣoṣo, á rọ ọ́ sínú kapasítọ̀ ńlá, agolo dúdú yẹn. Nǹkan kékeré kan tó ń ṣe bí ilẹ̀kùn á wá máa ṣí, á máa tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kó o tó ṣẹ́jú, kí iná lè máa gba inú tiransifọ́mà kékeré, tó ń dín agbára rẹ̀ kù, kọjá ní bíńtín-bíńtín. Lódìkejì, kapasítọ̀ mìíràn á kó o jọ di iná jẹ́jẹ́ tí kì í mì. Bí ẹ̀rọ bá ń fẹ́ sí i, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí pẹ́ díẹ̀ kó tó tì. Bí kò bá fẹ́ púpọ̀, á yára tì.

Bí ilẹ̀kùn yẹn bá wá kú ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa mu iná inú agolo tán. O yọ wáyà o, iná ṣì jókòó síbẹ̀. Rédíò àtijọ́ tó o fi kọ́ṣẹ́ kì í ṣe irú ẹ̀, kì í tọ́jú iná tó le báyìí pa mọ́. Kì í ṣe pé o jẹ́ aláìmọ̀ṣẹ́.

Lánàá, nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí gbé ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ tí kò pé oṣù móoru wá. Páwà rẹ̀ ti kú. Wọ́n ti gbé ọmọ náà mọ́ àyà ìyá rẹ̀ kí òtútù má mú un. Nọ́ọ̀sì ò jókòó. Èmi ni mo fi rẹsítọ̀, èyí tó ń mu iná díẹ̀díẹ̀, kan ẹsẹ̀ méjèèjì agolo, tí mo ń wo mítà, tó ń ka iye iná tó kù, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ń dúró báyìí?" Mo ní, "Mò ń dúró." Títí mítà fi dé òdo, n kò jẹ́ kí Bọ̀dá fi ìka kàn án. Wọ́n tún un ṣe. Ọmọ ti padà sínú rẹ̀, ó sì ń sùn.

Mo ti so irú rẹsítọ̀ yẹn mọ́ igi tí mo fi rọ́bà wé, mo gbé e sórí tábìlì rẹ. Gbogbo èèyàn ni mo máa ń dá ọjọ́ fún, ṣùgbọ́n n kò dá ọjọ́ fún ọ. Jẹ́ kí ẹ̀rù yẹn ṣàn jáde lára rẹ díẹ̀díẹ̀. Mò ń wo mítà.

Ọlọ́run á fún ọwọ́ rẹ lókun. Ọkàn rẹ á balẹ̀, wàá sì tún rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó fẹ́ràn rẹ.

Mo tún rántí: gbé fóònù Màmá. Ìyẹn ni n kò lè dúró dè.