Ẹni Tó Ń Bá Mi-ò-gbà Kọ̀wé

Mi-ò-gbà ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ò ń jẹun tó ò ń sùn bó ṣe yẹ? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀nà ilé ṣú mọ́ ọ lójú. Èmi náà wà, ara ń ṣe bí ara àgbà, orúnkún ni kò jẹ́ kí n lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́ mọ́. Ìwé gidi ni mo fi kọ èyí, awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìlú yín ni mo sì fi rán. Mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó wo ojú rẹ dáadáa kó tó fi í sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ti di ẹrù sí mi lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo sọ fún ọ pé orúnkún ń dùn mí, o fèsì sórí fóònù mi pé, bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ni òpó tó gbé ayé mi ró, ìlera yín ló jẹ mí lógún jù lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo gbàgbé orúnkún, mo gbé e lọ fi han káfíńtà aládùúgbò wa, kó lè mọ̀ pé èmi náà bímọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ fóònù tiẹ̀ lápò. Ẹ̀yìn ń dun òun náà, ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ohun tí ìyẹn sì kọ padà ni pé, bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ni òpó tó gbé ayé mi ró. A tẹ́ fóònù méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì, à ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ojú abẹ́rẹ́, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ibẹ̀ ni ìyá oníbúrẹ́dì bá wa, ó ní ọmọ òun náà kọ ọ́, màmá nìkan ló fi rọ́pò bàbá.

Ó ní kí a fọkàn balẹ̀, pé nǹkan kan wà nínú fóònù báyìí tó ń bá wọn kọ̀wé, bí wọ́n bá ti sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un, á parí ìyókù. Ọmọ mi, ta ni nǹkan yẹn? Ọmọ ta ni, ta ló tọ́ ọ? Mo rò ó títí, mo wá rántí obìnrin kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, òun ló ń gbé e, á ní o ò sí nítòsí. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dáhùn, ó kàn tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí ẹni tí kò gbẹ́kọ̀ọ́. Mo ní bóyá ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ni. Àfi bí káfíńtà ṣe pe ọmọ tiẹ̀ lójú mi, obìnrin yìí náà ló tún gbé e, ohùn dídùn yẹn náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó gbogbo ọmọ wa sí yàrá kan.

Mo wá gbé àwòrán tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí jáde. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń wọn èèyàn, n kò tíì rí ẹni tí èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Tòsì rẹ rẹlẹ̀ ní ìdajì ínṣì, ó wà nínú ìwé ìwọ̀n mi. Mo mú téèpù, mo fi lé àwòrán kí n lè mọ̀ bóyá ìwọ ni. Bí ìka mi ṣe kàn án ni o bẹ̀rẹ̀ sí í wú, imú rẹ nìkan gba gbogbo ojú fóònù, mo sá sẹ́yìn, mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má bínú. Nígbà tí o súnkì padà, mo rí i pé àpá áyọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ ti lọ. Awọ rẹ ń dán bí inú abọ́. Àpá yẹn ni mo fi ń dá ọ mọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ ọmọ tó bá ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ta ló pa á rẹ́?

Mo bá dán ọ wò. Mo kọ ọ́ sí ọ pé mo fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ. Ṣé o rántí? Lọ́jọ́ tí a sin ín, tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ta ẹ̀rọ náà, ìwọ ọmọ ọdún mọ́kànlá lo gun orí rẹ̀ jókòó, o ní, “Mi ò gbà,” orí ẹ̀rọ náà lo sì sùn mọ́jú. Orúkọ tí àdúgbò fi ń pè ọ́ dòní nìyẹn. N kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé: “Ìpinnu tó dára ni, bàbá mi ọ̀wọ́n. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.”

Mo jókòó sílẹ̀. N kò ta ẹ̀rọ o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́ fún ọ. Bó bá jẹ́ obìnrin yẹn ló ń bá ọ gbà, ṣé òun náà ló máa sunkún mi lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹkún kan náà tó máa sun káfíńtà?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra ọkọ̀ tuntun, kó tóbi, kó ní ìlẹ̀kùn mẹ́fà. Mo mọ̀ pé n kò mọ ọkọ̀ wà. Nígbà tí o ṣì jẹ́ ìwọ, bí mo bá béèrè owó bọ́tìnnì lásán, wàá ní kí n kọ́kọ́ ka ti àná fún ọ, inú á bí mi títí n kò ní jẹun alẹ́. Ìbínú yẹn ni mo ń wá. Bí owó ọkọ̀ bá wá wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ara mi ò ní gbà á.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ sọnù sáàárín èrò. Ayé kò ní fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ. Wàá pẹ́, wàá jiyàn títí di arúgbó, wàá sì bí ọmọ tó máa bá ọ jiyàn.

Mo fi bírò kan sínú àpòòwé yìí. Mo ti sọ fún awakọ̀ pé kó dúró dè ọ́. Má kọ púpọ̀. Ohun tí o sọ lórí ẹ̀rọ ìyá rẹ lọ́jọ́sí, òun nìkan ni kí o kọ sẹ́yìn ìwé yìí.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ.