Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Bàbá Àgbà

Sátidé, Ìgbó-Ọrà

Ó rẹ̀ mí. Ojú Bàbá àgbà ò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, ẹnì kan sì fẹ́ ra mọ́tò Volkswagen ìjàpá wọn, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ ti àtilẹ̀wá. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pólì láti kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo ka nọ́ńbà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí rí."

"N ò pààrọ̀ ẹ̀. Ti Kẹ́hìndé ni."

Ìbejì ni Bàbá àti Kẹ́hìndé; ọjọ́ kan náà ni bàbá tó bí wọn ra ìjàpá kọ̀ọ̀kan fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí Kẹ́hìndé kú, Bàbá gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀ tiwọn.

"Akọ̀wé, ṣé àjèjì ni Kẹ́hìndé sí mi ni?"

Fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fẹ́ rà á fún wa béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá ni, ó ní kí n kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé ti ìjàpá ìkejì rẹ̀ ni.

Bí ẹni náà ò bá rà á mọ́, èmi ni mo fà á. Mo ka ohun tí mo kọ sétí Bàbá. Wọ́n ní kí n tún un kà.