Ọkọ̀ Òfurufú Tó Tóbi Jù Láyé àti Èmi

Bàbá mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Òótọ́ lẹ gbọ́: ọkọ̀ òfurufú tó tóbi jù láyé máa ń balẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Apá rẹ̀ nìkan gùn ju oko ìrẹsì wa lọ, kò sì lè balẹ̀ bí n kò bá sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alágídí, sọ fún Bàbá pé ẹyẹ lò ń lé.”

Ó dáa, ẹyẹ ni. Agolo ni mo ń lù kí wọ́n lè kúrò lọ́nà ọkọ̀ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àbúrò mi. Ọjọ́ tí mo ń lọ, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ọmọdé ni lílé ẹyẹ lóko. Ẹ bá mi kí i gan-an.