Ìwé Orúkọ Àwọn Tó Dúró Ti Gọ́tà

Sátidé, 3 Oṣù Karùn-ún 2025

Ọ̀ràn ńlá ṣẹlẹ̀ ní ìlú Benin lónìí. Àyè kò tó nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa. Apá méjì ni mo pín in sí: ẹni tó ṣiṣẹ́, ẹni tí kò wá. Kò sí apá fún ẹni tó wá tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni mọ́kàndínlógún sì ni.

Gọ́tà iwájú gbọ̀ngàn àwa ọmọ Yorùbá ní Ugbor ló dí pa. Tí òjò bá rọ̀, ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ọláníkẹ́ ni omi ń yà sí — aránṣọ ni wọ́n, yàrá iwájú gbọ̀ngàn ni wọ́n rẹ́ǹtì. A ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wá gbẹ́ ẹ. Ogún èèyàn wá. Àǹtí mú ṣọ́bìrì. Àwa tó kù jíròrò ibi tó yẹ ká da ẹrẹ̀ sí títí oòrùn fi mú. Ọwọ́-Lápò yọ ọwọ́ kan jáde lápò, ó fi tọ́ka sí ẹrẹ̀, ó dá a padà. (Alága wa nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá, máníjà báńkì tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, inú ìwé àkọsílẹ̀ ara mi yìí nìkan sì ni.)

Torí pé mo lọ sí poli, èmi ni akọ̀wé. Mo fa ìlà kẹta, mo kọ "Òǹwòran" sórí ẹ̀, mo kà á sókè. Ìjà.

Sọ́ńdè, 4

Ọwọ́-Lápò pè mí lẹ́yìn ìsìn. Kò jẹ́ kí n kí òun tán.

"Láolú, ṣé sinimá la wá wò ni?"

Mo ní rárá sà, sinimá máa ń parí. Mo ní ká lo "Adúrótì." Ó ní òun kì í ṣe òpó iná.

Wẹ́sìdeè, 7

Ìpàdé pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Wákàtí mẹ́ta. Ìyá Títíloyè tó ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ òun sábẹ́ "Ẹlẹ́rìí" láìsí lọ́yà. "Alákìíyèsí" ṣubú nígbà tí ẹnì kan béèrè ohun tí a kíyè sí. "Ayọjúràn" wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Èyímofẹ́, ọmọ alága, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, ní, "Daddy, who come dey dig?" Wọ́n ní ìbéèrè yẹn kò sí nínú àjẹ́ńdà.

A fẹnu kò sí "Alábòójútó." Àtẹ́wọ́. Àǹtí Ọláníkẹ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń ránṣọ.

Tọ́sìdeè, 8

Òjò.

Fúráìdeè, 9

Omi dé orúnkún nínú ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò maṣíìnì ìránṣọ ti bàjẹ́. Aṣọ akọrin mẹ́rìnlá ni wọ́n kó sórí tábìlì kan tó bọ́ lọ́wọ́ omi. Àǹtí kò pariwo. Wọ́n ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi.

"Akọ̀wé, tí òjò míì bá bá gọ́tà yìí báyìí, mo máa kó kúrò ní Benin. Mo ti ṣe tán."

Mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Sátidé, 10

Èrò pọ̀. Orúkọ tuntun yẹn ti tàn káàkiri — àwọn tí a kò rí láti ọdún kan wá láti Airport Road, wọ́n wọ bàtà tó ń dán. Alábòójútó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fọwọ́ sí ìwé. Ẹnì kan béèrè bóyá káàdì ìdánimọ̀ máa wà.

Àǹtí ti ń gbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo na bírò sí wọn. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, ẹrẹ̀ dé ìgúnpá. Wọ́n wò mí.

"Yà fún mi. Ibi tóo dúró sí lomi máa gbà."

Mo yà. Ní aago kan ọ̀sán, gọ́tà là.

Mọ́ńdè, 12

Òjò ńlá láti àárọ̀. Omi gba gọ́tà kọjá, kò yà síbì kankan. Maṣíìnì tí wọ́n yá ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù gbígbẹ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo bí omi ṣe ń lọ. Ó ń lọ dáadáa.

Túsìdeè, 13

Mo tẹ èyí fúnra mi, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn:

ÌKÉDE
Ẹgbẹ́ kí àwọn Alábòójútó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kú iṣẹ́ gọ́tà tí wọ́n parí láìfarapa. Ìyáàfin Ọláníkẹ́ kò fọwọ́ sí ìwé; a kà á sí ẹni tí kò wá. Nítorí náà, òun nìkan ni yóò gbẹ́ gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ní Sátidé, 17 Oṣù Karùn-ún. Kí gbogbo Alábòójútó tètè dé. A ó pèsè àga.
Láolú, Akọ̀wé, fún Alága.