Mo Gba Ògo Lọ́wọ́ Òkú, Mo Gbé E Fún Alààyè

Mo kọ irọ́ sínú ìwé ìtàn, mo mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, gbogbo wa la mọra wa ní Toronto yìí. Àwọn orúkọ tí mo lò níbí, mo ti yí wọn padà. Ẹ bá mi kà á délẹ̀ kí ẹ tó bú mi... ẹ lè bú mi ṣá, ó tọ́ sí mi.

Ilé Uncle Dípọ̀ ni mò ń gbé ní Whitby. Wọn kì í ṣe ẹbí mi rárá, àwọn àti màmá mi kàn jọ ń lọ sí ìjọ kan náà nílé nígbà kan ni. Nígbà tí mo wá síbí gẹ́gẹ́ bí student, ẹni tó ní òun máa gbà mí sílé ò gbé fóònù mọ́ lọ́jọ́ tí mo balẹ̀. Uncle àti ìyàwó wọn, Auntie, ni wọ́n wá gbé mi ní airport nínú snow, wọ́n ní kí n máa gbé basement àwọn títí tí ẹsẹ̀ mi á fi walẹ̀. Mo ti parí school, mo ti ríṣẹ́ sí office kan ní Mississauga, mo ṣì wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n máa lọ. Winter tó kọjá, Uncle fúnra wọn ló bá mi pààrọ̀ táyà mọ́tò mi, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n kúnlẹ̀ sórí páálí nínú òtútù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí mò ń sọ ni.

Uncle wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin kan sílẹ̀ ní yunifásítì kan nílé. Mo mọ ohun tó máa sọ sí yín lọ́kàn... rárá, kì í ṣe ti àáké àti ìbọn. Láyé ìgbà yẹn, yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, àwọn ọmọ tó ti abúlé wá ò mọ ẹnì kankan, ni àwọn mélòó kan bá ní kí àwọn máa ṣe ara àwọn bí ọmọ ìyá. Tí ara ẹnì kan ò bá yá, àwọn tó kù á tọ́jú ẹ̀. Tí òbí ẹnì kan bá kú, wọ́n á sìn ín délé. Táì aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń wọ̀ ní ọjọ́ Friday. Nínú wọn ni adájọ́ ti jáde, àti dókítà, àti ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnì kan tiẹ̀ di ambassador. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Canada fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n ní àwọn fẹ́ ìwé tó máa sọ ìtàn ẹgbẹ́ àti ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó lókìkí. Uncle bá ní ọmọ kan wà nílé àwọn tó mọ ìwé kọ. Èmi nìyẹn.

Ìtàn kan wà tí gbogbo wọn máa ń sọ, ìtàn mọ́tò. Àìsàn gbé ọmọ ẹgbẹ́ kan dè, inú ń run ún, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Ọ̀kan nínú wọn gbé mọ́tò iléèwé láìgbàṣẹ, ó fi gbé e lọ. Ọmọ yẹn ò kú, òun ló padà di adájọ́ kó tó di olóògbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò yẹn ń bọ̀, ó lọ kọlu ògiri ilé ọ̀gá àgbà yunifásítì, iwájú ẹ̀ rún wómúwómú. Ọ̀gá àgbà ní tí ẹni tó wa mọ́tò ò bá jáde, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa kó ẹrù wọn lọ sílé. Ẹnì kan bá dìde, ó ní òun ni. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kí ara wọn pé, “Ẹrù rẹ, ẹrù mi.” Uncle sọ fún mi pé àwọn ni àwọn wa mọ́tò, àwọn náà ni àwọn dìde, àti pé nítorí pé àwọn sọ òótọ́ ni wọ́n ṣe forí jì àwọn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Uncle nìkan ló kù láyé, ta ni ì bá ta kò wọ́n? Mo ka draft yẹn ní ìpàdé wọn ní North York, àwọn ọkùnrin ńlá ńlá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbádùn ẹ̀... láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnì kankan ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni akọ̀wé wọn ní kí n lọ gba fọ́tò lọ́wọ́ Mama Gbádébọ̀, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń rent jáde ní North York. Mama fún mi ní tíì àti ẹ̀pà. Wọ́n bi mí bóyá mo ti gbọ́ ìtàn mọ́tò, mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n ní ta ló dìde? Mo dárúkọ Uncle. Mama ní òótọ́ ni pé Dípọ̀ ló wa mọ́tò, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò wọ́n síwájú ọ̀gá àgbà, gbogbo ara Dípọ̀ ń gbọ̀n. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin bàbá ẹ̀ nígbà yẹn, òun nìkan sì ni ìyá ẹ̀ bí. Gbádébọ̀ wò ó, ó sì dìde. Wọ́n lé Gbádébọ̀ kúrò níléèwé, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Tísà ló fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe ní abúlé, àwọn tó kọ́ níwèé ló padà wá ń ṣe ọ̀gá lórí ẹ̀. Mama ò bínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọkọ àwọn ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rí, pé bí èèyàn bá ti báni gbé ẹrù, kò tún yẹ kó máa polówó ẹ̀. Wọ́n ní èmi ni àwọn wá ń sọ ọ́ fún, nítorí pé èmi ni mò ń kọ̀wé.

Mo délé, mo bá Uncle ní kitchen, wọ́n ń bó ọsàn. Mo bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé ta ló dìde lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Gbádébọ̀ ni.”

Wọ́n ní, “Mo ti sọ ọ́ lọ́nà kejì pẹ́ débi pé ọ̀nà kejì yẹn ni Auntie rẹ mọ̀, òun náà ni àwọn ọmọ mi mọ̀. Jẹ́ kí n kú ná.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Tí wọ́n bá pariwo mọ́ mi ni, tàbí kí wọ́n ní àwọn á lé mi jáde, ọkàn mi ì bá fúyẹ́...

Mi ò yí i padà. Èyí tó burú jù lèyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo ṣe ń parí ìwé yẹn, mo rí i pé ẹnì kan lè béèrè ìdí tí Gbádébọ̀ ò fi sí lára àwọn tó gboyè. Mo bá kọ gbólóhùn kan sí i pé ó kúrò níléèwé nítorí pé ó rú òfin. Uncle ò rán mi. Uncle ò tiẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo jókòó sí basement wọn, mo rò ó, mo tẹ̀ ẹ́. Irú èèyàn wo ni mí?

Ìwé jáde. Òyìnbó la fi kọ ọ́, ọmọ-ọmọ Mama tó wà ní university ló kà á fún wọn. Ọmọ yẹn bi wọ́n pé, “Grandma, so Grandpa was expelled?” Mama pè mí níbi iṣẹ́, nígbà lunch. Wọn ò jágbe. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ohun tí mo sọ fún ẹ ò yé ẹ ni?” Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi sọ... mo ní àwọn tó bá wa tẹ̀wé ló ṣe àṣìṣe. Mama gbà mí gbọ́. Wọ́n ní kò burú, ṣé wọ́n á tún un sọ dáadáa lọ́jọ́ àjọ̀dún? Mo ní yes ma. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lórí fóònù, mo dijú, mi ò lè ṣe àmín.

Saturday tó ń bọ̀ yìí ni àjọ̀dún, ní Mississauga. Èmi ni wọ́n ní kó ka ìtàn ẹgbẹ́ síwájú gbogbo èèyàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi àwọ́ọ̀dù dá Uncle lọ́lá, nítorí pé wọ́n dìde lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ Uncle ń wọ bàálù bọ̀ láti Calgary. Mama náà ń bọ̀, wọ́n ní kí n wá fi mọ́tò gbé àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn, pé ó yẹ kí ọmọ náà gbọ́ ìtàn bàbá ńlá ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Uncle ò tíì ṣí ìwé yẹn. Ẹ̀dà tiwọn ṣì wà nínú ọ̀rá. Lánàá, a jọ ń kó ẹrù oúnjẹ wọlé, wọn ò wo ojú mi, wọ́n kàn sọ pé, “Ohun yòówù tí o bá kà, màá jókòó, màá gbọ́ ọ.” Wọ́n gbé àpò ìrẹsì, wọ́n wọlé. Mo ti rò ó títí... ṣé wọ́n ń ní kí n sọ òótọ́ ni, àbí wọ́n ń bẹ̀ mí ni? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn?

Ṣé kí n ka òótọ́ síbẹ̀ lójú Auntie àti àwọn ọmọ wọn, kí n dójú ti ẹni tó gbà mí lọ́jọ́ tí mi ò lẹ́nì kan? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Auntie ni? Àbí kí n ní ara mi ò yá, kí ẹlòmíì bá mi kà á? Èyí tó jẹ́ ti Uncle, ó lè jẹ́ pé Uncle ló yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí mo fi ba orúkọ òkú jẹ́, àti irọ́ tí mo pa mọ́ àwọn tó tẹ̀wé, èmi nìkan ló ni ìyẹn. Mama ń pè mí lórí fóònù bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, mi ò tíì gbé e... ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé e, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?