Gbòǹgbò Tí Ìyá Hú

Ẹ̀gbọ́n mi Muhydeen,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò lè sọ lórí fóònù nígbà tí Ìyá kú. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ fún wọn nípa iṣẹ́ ìwádìí yín ní yunifásítì, pé oríṣiríṣi olú tí ojú ò rí ló ń gbé inú gbòǹgbò igi igbó, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sun igbó wa ní Kòmu. Nígbà tí àwọn tó ń sun èédú gé igi ibẹ̀ lulẹ̀, Ìyá lọ hú gbòǹgbò fún yín pẹ̀lú ibà lára. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò tíì ka olú inú rẹ̀ tán." Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú.

Mo fi gbòǹgbò náà rán Samsudeen aládùúgbò wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Ìyá, kó sì dá yín sí. Tí ẹ bá ka iye olú inú rẹ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé, "Mélòó ni?"

Àbúrò yín,
Sọ̀fíyàt