Wọ́n Ní Mo Jí Oògùn Òkú

Ọjọ́bọ ni, agogo mẹ́ta ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú. Èmi ni mo wo aago ara ògiri, èmi náà ni mo fa aṣọ bo ojú Chief, aláìsàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò, nítorí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí… ìyá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ní kí n lọ jókòó sílé.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn kan ní Port Harcourt. Yunifásítì ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibí ni wọ́n rán mi wá láti sin ìjọba, mo sì dúró lẹ́yìn tí mo sìn tán. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo bá rí, màá ní mo rí i. Èyí tí mo bá gbọ́, màá ní mo gbọ́ ọ ni.

Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé SAP, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé, ẹ̀yin náà mọ bí ilé ìwòsàn ṣe rí. Dókítà á kọ oògùn, àwọn tó ń pín oògùn á kọ O.S. sí i, ìyẹn ni pé kò sí, ẹbí aláìsàn á wá sáré lọ sí kẹ́míìsì lóde. Bí aláìsàn bá kú, oògùn rẹ̀ tó kù ńkọ́? Mi ò tíì rí ẹbí tó gbé e lọ rí. Ìkwérré o, Kalabari o, àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú yìí o, ẹnu wọn kò yàtọ̀: oògùn òkú kì í wọlé. Nígbà tí mo na ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́fà tó kù sí ìyàwó Chief, ńṣe ló fò sẹ́yìn, ó ní, "Nurse, abeg, carry am comot for my front! You want make e follow me go house?" Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ni, pentazocine, tó wọ́n bí ojú.

Ní wọ́ọ̀dù wa, agolo mílíìkì ńlá kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn owú. Ibẹ̀ ni a ń kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí fún ẹni tí kò bá ní. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀, mo bá a níbẹ̀ ni. Mátírọ́ọ̀nù wa ló fi hàn mí ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Ó ní, "My pikin, na here poor man chemist dey." Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé òfin kò fàyè gbà á, mi ò ní purọ́. Mo kó ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Dagogo lórúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ èbúté láti Borokiri. Ẹrù ló já lé e lẹ́sẹ̀. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ yìí kan náà fún un… O.S. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ìṣáwùrú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ní ohun tó lè fi rà á. Ọkùnrin náà ń fi eyín fa ìrọ̀rí ya kí igbe má baà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Kí n máa wò ó? Mo fún un ní abẹ́rẹ́ náà bí dókítà ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi tán.

Àṣìṣe mi nìyí, bí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ máa ń kọ ọ́ pé aláìsàn ló ra oògùn fúnra rẹ̀. Èmi kọ ọ́ bó ṣe rí, pé lára èyí tí Chief fi sílẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn: ohun tí o bá ṣe ni kí o kọ. Nígbà tí Sístà Ìbínábọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí i, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Graduate! Book go kill you for this Port Harcourt." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ Chief tó ń gbé Old GRA dé. Wọ́n ní ẹnìkan ló sọ fún un pé a ń ta oògùn bàbá rẹ̀. Mi ò mọ ẹni náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó dá mi lójú ni pé wọ́n ṣí fáìlì Dagogo, wọ́n sì rí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Olè wo ló ń kọ olè tó jà sílẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn. Olè wo?

Ìgbìmọ̀ ìbáwí pè mí, mátírọ́ọ̀nù wà lára wọn. Wọ́n ní mo darí oògùn aláìsàn gba ibòmíràn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sí ara aláìsàn. Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, alága wò ó, ó fi ikọ́ bò ó. Dagogo ti ránṣẹ́ pé òun á fi ọ̀pá tilẹ̀ wá jẹ́rìí, wọ́n ní àwọn ò pè é. Wọ́n bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ. Mo wo mátírọ́ọ̀nù, mo dúró kó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́… ó ní òun kò mọ̀ rí pé ẹnikẹ́ni ń tọ́jú oògùn òkú sí wọ́ọ̀dù òun. Ẹni tó ń pè mí ní my pikin! Kò wo ojú mi.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn bá tún jókòó lóṣù tó ń bọ̀, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé mo jí i, kí n bẹ̀bẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ni wọn á fún mi. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá àwọn tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, ó sì lè jẹ́ pé mi ò ní ṣe nọ́ọ̀sì mọ́ láyé. Sístà Ìbínábọ̀ wá bá mi nílé ní Rumuolumeni, ó ní, "Just talk sorry. Sorry no dey wound person mouth." Tèmi á dọ́gbẹ́. Mo ti bẹ̀bẹ̀ pé mo rú òfin. Ṣùgbọ́n kí n ní mo jalè? Ta ni mo jà lólè? Òkú tí ìyàwó rẹ̀ sá fún oògùn rẹ̀?

Ohun kan péré ló lè gbà mí, kí n tú àṣírí agolo náà. Bí mo bá sì tú u, wọ́n á dà á nù, wọ́n á kó Sístà Ìbínábọ̀ àti àwọn yòókù. Ẹni tó bá tún wọlé bíi Dagogo ńkọ́? Ìrọ̀rí ni yóò máa fà ya. Ṣé kí n fi ìyẹn ra orúkọ mi padà?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí n sọ ọ́, àbí kí n pa ẹnu mọ́ kí wọ́n gba ìwé àṣẹ mi? Ẹ má ṣe gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ní mo jalè o, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Kí ẹ tó dáhùn, ohun kan ló kù tí mo fi ojú ara mi rí. Lánàá, mo lọ kó bàtà mi ní wọ́ọ̀dù. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ní agolo yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń pè lólè kì í gbé ọmọ ẹran jó, síbẹ̀ mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sún owú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wà níbẹ̀. Mo gbé e. Ó wúwo ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ.